Bí A Ṣe Ń Yan Ráútà Tuntun fún Ilé Tí Àwọn Ẹ̀rọ Àtijọ́ Ṣì Wà

Ní ọjọ́ tí mo gbé ráútà tuntun, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ilé, wọ ilé wa ní Ìbàdàn, kò tó ìṣẹ́jú kan tí fóònù ọwọ́ mi fi wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú gbogbo wa sì dùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyàwó mi fẹ́ tẹ ìwé tí yóò fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n iná búlúù kékeré ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa kàn ń ṣẹ́jú, kò dúró. Kámẹ́rà ẹnu géètì ti dákẹ́. Ẹ̀rọ kékeré bí ìka ọwọ́ tí a kì bọ ìdí ínfátà, èyí tó máa ń fi iye iná tó kù nínú bátìrì hàn wá lórí fóònù, kò rí ilé mọ́. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ráútà tuntun náà ni kò sọ èdè tí wọ́n gbọ́, odidi ọjọ́ méjì ni mo sì fi wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọjọ́ méjì yẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ ṣì le dà nù, tí wọ́n sì ń ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé ráútà ni wọn kò yàn dáadáa. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ńlá tí a kọ sára páálí yan ráútà. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ nínú ilé yín ni kí ẹ fi yàn án, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo ohun tí èyí tó lágbára jù lọ nílò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka gbogbo ẹ̀rọ inú ilé

Kí ẹ tó jáde lọ sí ọjà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ sì rìn káàkiri ilé láti yàrá dé yàrá. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tó ń lo Wi-Fi sílẹ̀. Fóònù àti kọ̀ǹpútà kì í ṣòro láti rántí. Àwọn tí a máa ń gbàgbé ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ìṣọ́lé, ínfátà, àti fóònù àtijọ́ tí a ti gbé fún Màmá tàbí fún àwọn ọmọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́rin ni kí ẹ wá: ọdún tí ẹ rà á, ìgbì tó lè gbà (ọ̀nà inú afẹ́fẹ́ tí Wi-Fi ń gbà kọjá), irú ààbò tó mọ̀ (ohun tí a fi ń ti Wi-Fi mọ́ àwọn àjèjì), àti bóyá ó ní ihò tí a lè ki wáyà LAN bọ̀, ìyẹn wáyà tó ń so ẹ̀rọ mọ́ ráútà láìlo Wi-Fi.

Ọdún kò ṣòro. Ní ti ìgbì, ìgbì méjì ni ó wọ́pọ̀, 2.4 GHz àti 5 GHz, ọ̀nà tó rọrùn sì wà láti mọ ẹ̀rọ tó gbọ́ èkejì. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ni ó máa ń jẹ́ kí a yan ìgbì nígbà tí a bá fẹ́ pín dátà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ ṣí hotspot fóònù yín, ẹ yan 5 GHz, kí ẹ wá lọ sídìí ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ dán wò, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ hotspot náà yọjú sí i. Bí kò bá yọjú, tó sì yọjú nígbà tí ẹ yí i padà sí 2.4 GHz, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ti kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú rẹ̀: netsh wlan show drivers. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ yóò tò wálẹ̀. Ẹ wá ìlà tí a kọ Radio types supported sí, ẹ óò rí lẹ́tà bíi 802.11g, 802.11n tàbí 802.11ac níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ óò rí irú ààbò tí kọ̀ǹpútà náà mọ̀. Bí WPA2-Personal àti CCMP bá wà níbẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀, nítorí CCMP yìí ni àwọn ráútà máa ń pè ní AES; ìgbésẹ̀ kẹta yóò ṣàlàyé wọn.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó máa ń ṣòro jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ojú tí a lè kà. Ẹ wo ìwé ìlò rẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sínú Google pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà specifications. Fún àpẹẹrẹ, HP LaserJet P1102w, tí ẹ óò rí ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kékeré àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà b àti g nìkan ni Wi-Fi rẹ̀ mọ̀, orí ìgbì 2.4 GHz nìkan ni ó sì ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì dára. Kò sí ìdí kankan tí ẹni tó ní i fi gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀ nítorí ráútà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí àwọn lẹ́tà náà ń sọ

Gbogbo Wi-Fi ni ó ń jẹ́ 802.11, lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni ó sì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́tà b jáde ní ọdún 1999, ìyára rẹ̀ kò sì kọjá 11 Mbps (Mbps ni a fi ń wọn bí dátà ṣe ń yára kọjá). Lẹ́tà g tẹ̀lé e ní ọdún 2003 pẹ̀lú 54 Mbps. Lẹ́tà n dé ní ọdún 2009, òun ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé lásán lè lo 2.4 GHz tàbí 5 GHz bó bá ṣe wù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń lo n kò gba 5 GHz rárá. Lẹ́tà ac, tó jáde ní ọdún 2013, orí 5 GHz nìkan ni ó wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ax, tó padà wá sórí ìgbì méjèèjì, àti be tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Nítorí pé lẹ́tà wọ̀nyí ti ń dojú rú mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ Wi-Fi Alliance bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà pè wọ́n ní ọdún 2018: n di Wi-Fi 4, ac di Wi-Fi 5, ax di Wi-Fi 6, be sì di Wi-Fi 7.

Ráútà tuntun lè bá ẹ̀rọ àtijọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí àwọn méjèèjì bá jọ ní. Èyí túmọ̀ sí pé ráútà Wi-Fi 6 lè gba ẹ̀rọ tó ń lo g tàbí n lórí 2.4 GHz rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá lọ pa ààyè náà. Ṣùgbọ́n ìyára ráútà kò lè di ti ẹ̀rọ tí kò ní in. Bí ẹ ra ráútà tó lè ta gbogbo àdúgbò yọ, fóònù tí ìyára rẹ̀ kò kọjá 72 Mbps kò ní tìtorí ẹ̀ sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni nọ́ńbà ara páálí ti ń tan ènìyàn. AC1200 kò túmọ̀ sí pé fóònù yín yóò gba 1200 Mbps. Wọ́n ṣe àròpọ̀ 300 ti 2.4 GHz àti 867 ti 5 GHz, wọ́n sì sọ ọ́ di 1200 kó lè rọrùn fún ẹnu. Bákan náà ni AX1800 ṣe jẹ́ 574 àti 1201, tí AX3000 sì jẹ́ 574 àti 2402. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà 574 náà ló wà nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó fi owó kún owó láti AX1800 dé AX3000 torí kí ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ lè yára kò rí nǹkan kan gbà fún wọn, nítorí 2.4 GHz tí àwọn ẹ̀rọ náà ń gbé kò yí padà rárá.

Èmi kì í gba ẹni tí ẹ̀rọ àtijọ́ pọ̀ nínú ilé rẹ̀ níyànjú láti lọ ra Wi-Fi 7 ní báyìí. Ìgbì 6 GHz tí ó fi ń yangàn, ààbò WPA3 nìkan ni a gbà láyè lórí rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ wa àtijọ́ kò sì ní débẹ̀ láé. Wi-Fi 6 tó ní ìgbì méjì ni ó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu jù. Bí owó kò bá tó, Wi-Fi 5 tó dára, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń tún sọ́fítíwià rẹ̀ ṣe, yóò ṣe iṣẹ́ náà láìsí àbùkù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀rọ̀ ààbò, níbi tí ìjà ti máa ń wáyé

Nínú gbogbo ohun tó máa ń fa ìyapa láàárín ráútà tuntun àti ẹ̀rọ àtijọ́, ààbò ni ó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí.

Ààbò àkọ́kọ́ ni WEP, tó bá Wi-Fi dé ní ọdún 1997. Nígbà tó fi máa di ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ti tẹ ọ̀nà tí a fi lè já a jáde fún gbogbo ayé rí, lónìí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ń gba ẹni tó bá ní irinṣẹ́ rẹ̀. WPA tẹ̀lé e ní ọdún 2003 pẹ̀lú ohun tí à ń pè ní TKIP, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a fi lẹ ihò títí tí ojúlówó yóò fi dé. Ojúlówó náà ni WPA2, tó ń lo AES, ọ̀nà tó lágbára láti fi dátà pamọ́; ọdún 2004 ni WPA2 jáde. Láti oṣù kẹta ọdún 2006 ni Wi-Fi Alliance ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹ̀rọ tuntun tó bá fẹ́ gba àmì wọn. WPA3 dé ní ọdún 2018, ó sì di dandan fún ẹ̀rọ tuntun ní oṣù keje ọdún 2020.

Ọdún 2006 yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ̀rọ tó ní àmì Wi-Fi lára, tí a sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kó mọ WPA2. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ẹ̀rọ àtijọ́ nínú ilé wa kò nílò ju WPA2 AES lọ, WPA2 AES pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tó gùn sì ṣì jẹ́ ààbò tí ènìyàn lè sùn sí.

Ìṣòro tó dé bá mi ni pé ráútà tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí WPA3 nìkan. Mo yí i padà sí àdàlù WPA2 àti WPA3, kámẹ́rà géètì sì padà wá, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò wá. Ohun tó fà á ni pé nínú àdàlù yìí, ráútà tún máa ń kéde ààbò mìíràn tí à ń pè ní PMF, tó ń ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ráútà àti ẹ̀rọ fi ń darí ara wọn, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kì í sì mọ ohun tí wọn yóò fi ìkéde náà ṣe. Nígbà tí mo fi WPA2-PSK AES (WPA2 ilé, tó ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan fún gbogbo ẹ̀rọ) nìkan sí 2.4 GHz, iná búlúù náà dúró gbọnin láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe ra ráútà tí kò bá lè lo WPA2 nìkan lórí ìgbì kan, kí ó sì lo WPA3 lórí èkejì.

Ní ti ẹ̀rọ tó dúró sórí WEP, mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò: kò sí ẹ̀rọ kan tó tó kí a tìtorí rẹ̀ dá WEP padà sínú ilé. Àwọn eré orí Nintendo DS, ẹ̀rọ tó jáde ní ọdún 2004, WEP nìkan ni wọ́n mọ̀, ọ̀pọ̀ òbí ni ó sì ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn ọmọ títí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Ẹni tó bá gba inú ilẹ̀kùn yẹn wọlé kò ní dúró nídìí eré ọmọdé. Àárín kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe ètò báńkì ni yóò bọ́ sí. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ní ihò LAN, ẹ fún un ní wáyà. Bí kò bá ní in, kí ó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

TKIP náà kò yẹ ní ohun tí a ń lò mọ́. Yàtọ̀ sí pé ààbò rẹ̀ ti rọ, ó máa ń fa ìyára gbogbo ẹ̀rọ tó bá lò ó padà sí 54 Mbps, kódà bí ẹ̀rọ náà bá mọ n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti bá a pàdé nínú ilé mọ̀lẹ́bí kan tí wọ́n ti ń dá ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wọn lẹ́bi fún oṣù púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rí kí owó tó jáde

Ìbáà jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ ti fẹ́ rà á, ìbáà jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń tà á kò ní mọ ohun tó wà nínú ìwé yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ kan, bíi TP-Link, máa ń gbé àwòkọ ojú ètò ráútà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ wò láìtíì rà á. Ẹ wọlé síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ fi sùúrù wá àwọn ohun wọ̀nyí.

Èkíní, ráútà náà gbọ́dọ̀ lè pín ìgbì méjèèjì sí orúkọ méjì. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń jáde pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo fún méjèèjì, lábẹ́ ètò tí wọ́n máa ń pè ní Smart Connect, kí ráútà lè máa fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò wà. Ó dára fún fóònù tuntun. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni ó máa ń dà láàmú, nítorí náà kí ẹ rí i dájú pé bọ́tìnnì wà tí a lè fi pa á. Mo ti rí ráútà olówó gọbọi kan tí kò ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé orí ohun èlò fóònù nìkan ni a ti ń ṣètò rẹ̀, tí ohun èlò náà kò sì fúnni ní àṣàyàn kankan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wò ó bóyá ó ń jẹ́ kí a yan lẹ́tà tí 2.4 GHz yóò máa sọ, bóyá b, g àti n nìkan, kí a lè yọ ax kúrò. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà tí wọn kì í rí orúkọ ráútà Wi-Fi 6 rárá, bí sọ́fítíwià káàdì Wi-Fi wọn bá ti pẹ́ jù. Àwọn káàdì Intel ìgbà kan wà lára wọn, ilé iṣẹ́ Intel fúnra rẹ̀ sì ti gbé àtúnṣe jáde. Bí ẹ bá lè ṣe àtúnṣe náà sínú kọ̀ǹpútà, kò sí wàhálà; bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ yọ ax kúrò lórí 2.4 GHz nìkan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lórí 5 GHz fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ka ihò LAN ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó tẹ́ni lọ́rùn, nítorí gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ bá fún ní wáyà ni ẹ ti yọ kúrò nínú àríyànjiyàn Wi-Fi pátápátá. Ẹ tún ṣọ́ra fún ráútà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fún ní àtúnṣe sọ́fítíwià mọ́, pàápàá àwọn tòkunbọ̀. Ẹ wo ojú ìwé àtìlẹ́yìn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọjọ́ àtúnṣe tó kẹ́yìn bá ti ju ọdún mélòó kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa tí a wà ní Nàìjíríà gan-an. Púpọ̀ nínú wa kò ní wáyà fáíbà nínú ilé. Ráútà 4G tàbí 5G tó ń lo síìmù ni a fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ráútà bẹ́ẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tà fún wa, àṣàyàn inú rẹ̀ kì í sábàá pọ̀, wọ́n sì lè ti tì í mọ́ síìmù tiwọn. Kò di dandan kí ẹ lé e jáde. Ẹ jẹ́ kó máa gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, kí ẹ fi wáyà LAN so ó mọ́ ráútà tí ẹ yàn fúnra yín, kí ti ọwọ́ yín yìí máa pín Wi-Fi fún ilé, kí ẹ sì pa Wi-Fi ti àkọ́kọ́ kí àwọn méjèèjì má baà máa ké lé ara wọn lórí. Bí ẹ bá fẹ́ ra ráútà oní-síìmù tuntun, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù yín irú ìgbì 4G tàbí 5G tí wọ́n ń lò ní àdúgbò yín, kí ẹ sì fi í wé ohun tí a kọ sára páálí, nítorí ráútà tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè má gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ògiri àti iná

Ìgbì 2.4 GHz máa ń la ògiri bulọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ, kò sì sí èyí tó fẹ́ràn dẹ́kìnì tí irin wà nínú rẹ̀. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé ráútà sí àárín ilé, sókè díẹ̀, kí ó má ṣe wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wo ẹnu ṣáájà rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ni ó ń lo 12 V, bátìrì kékeré tí a ṣe fún ráútà sì wà ní ọjà tó lè gbé e dúró bí iná bá lọ. Kí fólíìtì ara bátìrì náà bá ti ara ṣáájà mu, kí ámúpù rẹ̀ má sì kéré sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí a ṣe ń tò ó

Ohun tó rọrùn jù tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé kí n fún 2.4 GHz ráútà tuntun ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà tí ráútà àtijọ́ ń jẹ́, lẹ́tà ńlá sí lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré sí lẹ́tà kékeré. Bí irú ààbò náà bá tún bára mu, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò kàn wọlé fúnra wọn, bí ẹni tí kò mọ̀ pé onílé ti yí padà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò ní ojú tí a lè tẹ nǹkan sí ni èyí wúlò fún jù.

Bí ó bá sì di dandan láti yan orúkọ tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn kí a kọ èdè wa bó ṣe yẹ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ààyè tí Wi-Fi fi sílẹ̀ fún orúkọ kò ju báítì 32 lọ. Lẹ́tà bíi a tàbí b, báítì kan ni ó ń gbà. Ọ àti ṣ ń gba mẹ́ta mẹ́ta, àmì ohùn tí a gbé lé ọ lórí sì ń gba méjì sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré bíi Ọ̀ṣọ́, tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú wa, ti gba báítì 13. Yàtọ̀ sí ti ààyè, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan máa ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ di jágbajàgba, àwọn mìíràn kì í sì fi í hàn rárá. Orúkọ mi àkọ́kọ́ ní àmì lára dáadáa. Kámẹ́rà kò rí i títí mo fi yọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ aṣínà náà kò gbọdọ̀ ní àmì, kí ó sì wà láàárín lẹ́tà 8 sí 63. Ẹ jẹ́ kó gùn, bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan.

Lórí 2.4 GHz, ẹ fi WPA2-PSK AES sí i. Níbi Channel Width, ìyẹn bí ojú ọ̀nà tí ráútà ń lò lórí ìgbì náà ṣe fẹ̀ tó, ẹ yan 20 MHz, kí ẹ má fi í sílẹ̀ lórí 40. Níbi Channel, ìyẹn nọ́ńbà ojú ọ̀nà náà, ẹ yan 1, 6 tàbí 11, èyí tí ti àwọn aládùúgbò kò bá pọ̀ sí jù. Ohun èlò ọ̀fẹ́ wà fún Android tó lè fi hàn yín. Ẹ má ṣe lo 12 tàbí 13, nítorí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kì í sábàá rí wọn. Ẹ má sì fi orúkọ náà pamọ́, nítorí kò dá olè dúró, ẹ̀rọ àtijọ́ ni ó ń ṣì lọ́nà. Ní ti 5 GHz, ẹ fún un ní orúkọ mìíràn, ẹ fi àdàlù WPA2 àti WPA3 sí i, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tuntun lọ síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ kíkó ohun tuntun kúrò lórí 2.4 GHz ni pé ìgbì kan dà bí ìpàdé tí gbohùngbohùn kan ṣoṣo wà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í gbé e sílẹ̀ kíákíá, gbogbo ẹni tó kù sì gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ẹ̀rọ tó ń lo b ni ó máa ń pẹ́ jù nídìí rẹ̀. Bí ìwé yín bá fi hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó dúró sórí b nìkan nínú ilé, ẹ yọ b kúrò, kí ẹ fi g àti n sílẹ̀, ara yóò tu àwọn yòókù.

Ẹ wá so àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dàgbà jù. Fún kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ínfátà, fóònù tí ẹ fi ń ṣètò wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí orúkọ 2.4 GHz náà, nítorí ohun èlò wọn máa ń gba orúkọ tí fóònù wà lórí rẹ̀, á sì gbé e fún ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé, fóònù lè padà sórí 5 GHz. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá nílò bọ́tìnnì WPS, èyí tó ń so ẹ̀rọ mọ́ ráútà láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kó tó wọlé, ẹ lò ó, kí ẹ sì pa WPS ní kété tó bá parí, nítorí láti ọdún 2011 ni a ti mọ̀ pé nọ́ńbà PIN inú rẹ̀ ṣeé já.

Ìgbésẹ̀ keje: èyí tó bá ṣì kọ̀

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Wi-Fi rẹ̀ kò lè dé WPA2 kò nílò ráútà mìíràn. Káàdì Wi-Fi kékeré tí a ń kì bọ ihò USB yóò yanjú rẹ̀ ní owó tó kéré sí ti ráútà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní ihò LAN, ẹ fà á súnmọ́ ráútà, kí ẹ fi wáyà so ó. Ẹni tó ń lo Windows XP gbọ́dọ̀ rí i pé ó ní Service Pack 3, àkójọ àtúnṣe Windows XP tó mọ WPA2. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wọ ojú báńkì.

Àwọn kan máa ń kó gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ sínú Guest Network, Wi-Fi ọ̀tọ̀ tí ráútà ń yà sílẹ̀ fún àlejò, kí wọ́n má baà kan ẹ̀rọ tuntun. Ó dára gan-an fún kámẹ́rà àti ínfátà, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé síbẹ̀. Iṣẹ́ Guest Network ni láti má jẹ́ kí àlejò rí àwọn ará ilé, kọ̀ǹpútà yín kò sì ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná rẹ̀ dúró dáadáa.

Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi lè gba ọjà padà kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ tẹ ìwé, ẹ wo géètì lórí fóònù, ẹ pa ráútà kí ẹ sì tún tàn án bí ìgbà tí iná lọ tó dé, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo wọn yóò padà wá fúnra wọn. Ẹ fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ èyí tó bá padà wá nínú ìwé yín. Ráútà àtijọ́ kò gbọdọ̀ kúrò nílé títí gbogbo orúkọ yóò fi ní àmì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò Reset rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí gbogbo iná rẹ̀ yóò fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà ilé yín.